Wọ́n ní kí n mú iṣẹ́ kan ṣoṣo nínú tíátà, mẹ́rin ni mo sì ń ṣe

ỌmọÌdẹnà (Kétu)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi.

Kétu ni mo wà, ilé wa kò jìnnà sí Àkàbà Ìdẹnà. Ó di ọdún méjì tí mo ti gba BAC, ìwé ẹ̀rí ìparí ilé ìwé gíga. Láti ìgbà náà ni mo ti wà nínú ẹgbẹ́ eléré kan níbí, àwa mẹ́sàn-án ni. A máa ń ṣeré nílé ìwé, a máa ń ṣe é lọ́jà, àwọn àjọ kan sì máa ń pè wá pé kí a wá fi eré sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára fún àwọn ìyá ọlọ́mọ lábúlé.

Èmi ń ṣeré. Èmi náà ni mo ń ṣe orin. Aṣọ tí gbogbo wa ń wọ̀, ọwọ́ mi ló ti ń jáde, nítorí aránṣọ ni màámi, mo ti ń tẹ ẹ̀rọ kí ẹsẹ̀ mi tó kanlẹ̀ dáadáa. Ọmọkùnrin tó ń di ìwé eré mú lẹ́yìn kọ́tìnì, tó ń sọ ọ̀rọ̀ sí àwọn tó bá gbàgbé létí, ó ti lọ gun zémìjáǹ, ọ̀kadà akérò, ní Kútọnù. Ìyẹn náà ti bọ́ sọ́wọ́ mi nígbà tí n kò bá sí lórí ìtàgé.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí. Ilé ẹ̀kọ́ kan ń gba àwọn tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ tíátà, mo sì ti gba fọ́ọ̀mù. Ìbéèrè kẹfà ní: "Iṣẹ́ wo lo fẹ́ kọ́? Mú ẹyọ kan." Wọ́n wá tò wọ́n sísàlẹ̀: òṣèré, olùdarí, aṣọ, iná àti ohùn, réjí. Ó di ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti di bíírò mú. Ẹnì kan tó ti lọ síbẹ̀ rí sọ fún mi pé ẹni tó bá fàmì sí méjì, wọn kì í wo fọ́ọ̀mù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bàámi ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Màámi ní kí n mú aṣọ, pé bí tíátà bá kú, ènìyàn kò ní torí ẹ̀ rìn níhòòhò.

Ṣé ẹnì kan wà níbí tó ti fi gbogbo iṣẹ́ tíátà pọ̀ jẹun? Báwo lẹ ṣe ṣe é? Kí ni kí n mú? Ìparí oṣù yìí ni wọ́n á ti ilẹ̀kùn.

TíṣàOkè (Ṣábẹ)

Mú òṣèré. Ìyókù á tẹ̀lé e.

Wo Hubert Ògúndé. Ọ̀ṣọṣà, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ni wọ́n ti bí i ní 1916. Ó ṣe tíṣà, ó ta dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ṣe ọlọ́pàá. Ní 1944 ó gbé eré kan síta fún ìjọ kan ní gbọ̀ngàn Glover l'Ékòó. Nígbà tó di 1945, ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Òun ló ń kọ eré, òun ló ń kọ orin, òun ló ń darí, òun náà ni olórí òṣèré. Ní 1964, eré rẹ̀ kan dun ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi lé ẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò lórí ìtàgé lágbègbè wọn. Nígbà tó yá, ó gbé gbogbo rẹ̀ wọ sinimá. Títí tó fi kú ní 1990, ta ló fún un ní fọ́ọ̀mù pé kó mú ẹyọ kan?

Kí a má tilẹ̀ sọdá ẹnubodè. Àwọn ọmọ Dahomey tó wà nílé ẹ̀kọ́ William Ponty ní Sẹ̀nẹ̀gà, ní 1933, wọ́n ṣe eré lórí ìpàdé ìkẹyìn láàárín Béhanzin, ọba Dahomey, àti Bayol, aṣojú ìjọba Faransé, Bayol kan náà tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe gbàgede kan ní Àjàṣẹ́. Ọmọ ilé ìwé ni wọ́n, kì í ṣe eléré. Wọ́n wá ìtàn, wọ́n kọ ọ́, wọ́n ṣe é. Ní 1937 àwọn ọmọ Ponty gbé eré dé Paris. Kò sí ẹni tó bi wọ́n ní ìbéèrè kẹfà.

AránṣọÀjàṣẹ́ (Àjàṣẹ́)

Tíṣà, ẹ kú làákàyè. Gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa Ògúndé, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ṣùgbọ́n ẹ fo ibì kan. Àwọn ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Ògúndé fẹ́ púpọ̀ nínú àwọn obìnrin tó ń bá a ṣeré, kí ẹgbẹ́ má bàa tú mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn ló ń jó, àwọn ló ń kọrin, inú eré ni àwọn ọmọ wọn gbé dàgbà. Bí a bá ń sọ pé ẹnì kan ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ká agbádá rẹ̀ sókè, kí a ka iye ọwọ́ tó wà lábẹ́ ẹ̀.

Ọmọ mi ará Kétu, kú iṣẹ́. Ìbéèrè rẹ bá mi nílé. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń jẹ nínú iṣẹ́ yìí, bí ẹnikẹ́ni bá sì bi àwọn ọmọ mi pé kí ni bàbá wọn ń ṣe, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìdáhùn wọn.

Ọdún 1978 ni mo kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ ìtàgé, mi ò sì wá síbẹ̀ láti ṣeré. Ọmọ iṣẹ́ aránṣọ ni mí, ọ̀nà ọjà Wàndó ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi wà. Ẹgbẹ́ eléré kan wá bá ọ̀gá pé àwọn fẹ́ agbádá ọba. Ọ̀gá ní aṣọ dà? Wọ́n mú kọ́tìnì ilé sinimá kan tó ti kógbá wọlé jáde nínú àpò. Àrán pupa ni, ṣùgbọ́n ibi tí oòrùn ti pa á ti dà bí èèpo ẹ̀pà. Ọ̀gá mi ní òun ò lè fi orúkọ òun sára irú ìyẹn, ó jù ú sí mi. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo yí i síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún, mo wá fi gbogbo ibi tó ṣá sí abẹ́ apá àti inú ìṣẹ́po èjìká. Bí ọba bá jókòó jẹ́ẹ́, pupa rẹ́rẹ́ ni. Bó bá gbé apá sókè, àṣírí tú. Mo lọ bá ẹni tó fẹ́ ṣe ọba, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé apá o." Bí ọba yẹn ṣe di ẹni tó ń fi ojú nìkan pàṣẹ nìyẹn. Bó bá fẹ́ kí wọ́n mú ẹnì kan jáde, á kàn wò ó, á wo ẹnu ọ̀nà. Àwọn èrò ní ọba tó rọra báyìí, àwọn ò rí irú ẹ̀ rí. Kò sí nínú ìwé eré o. Inú kọ́tìnì ló ti wá.

Nítorí mo ń lọ wọn aṣọ fún wọn ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ gbogbo wọn ti wọ̀ mí lórí. Lálẹ́ eré, ẹni tó yẹ kó ṣe ìránṣẹ́ ààfin kò dé. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n rí mi níbi tí mo ti ń fi abẹ́rẹ́ gán etí aṣọ. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ìránṣẹ́ ní: "Kábíyèsí, àlejò dé." Mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ọ́. Àlejò ò dé. Ẹ̀yìn ilé ló wà, ó ń tọ̀. Mo tún un sọ. Ọba wò mí títí, ó ní, "Àlejò yìí, ṣé ó lẹ́sẹ̀ ṣá?" Gbọ̀ngàn dàrú. Ọ̀gá mi wà láàárín èrò, ó ní kí n má wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́la, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló fi sọ ọ́.

Iná ni mo kọ́ tẹ̀lé e. Agolo tòmátò ńlá ni a fi ń ṣe iná ìtàgé nígbà yẹn: a ó lu ìdí rẹ̀, a ó ti gílóòbù bọ̀ ọ́, inú agolo tó ń dán á ju ìmọ́lẹ̀ síwájú. Láti jẹ́ kí iná máa ṣú díẹ̀díẹ̀ ni ogun tó wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ rẹ̀ wà nílé òyìnbó, owó ò sí. Ìkòkò amọ̀ la fi ṣe tiwa, omi iyọ̀ nínú rẹ̀, irin pẹlẹbẹ méjì nínú omi. Iná á gba inú omi iyọ̀ kọjá kó tó dé gílóòbù. Bí o bá ń fa irin kan sókè, ilẹ̀ á máa ṣú lórí ìtàgé bí ìrọ̀lẹ́ gidi. Bí o bá ń tì í wálẹ̀, ilẹ̀ á máa mọ́. Mo ti rí ẹ̀rọ olówó ńlá lẹ́yìn ìgbà yẹn, títí dòní kò sí òwúrọ̀ tó mọ́ lójú mi bí ti inú ìkòkò yẹn. Ó sì gbé mi ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ òsì mi kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu títí ilẹ̀ fi mọ́. Má dán an wò. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ẹ pé bó ṣe yẹ kí ẹ máa ṣe é ní abúlé nìyẹn, sá kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀.

Àwọn nǹkan kéékèèké ò lóǹkà. Páànù kan tí a gbé kọ́, tí a dì mú nísàlẹ̀ tí a mì, àrá nìyẹn. Ẹ̀wà gbígbẹ nínú agolo, òjò nìyẹn. Epo pupa ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi ṣe ẹ̀jẹ̀, ó ń ba aṣọ mi jẹ́, mo bínú, mo lọ se ìṣápá pupa nípọn bí ẹ̀kọ, mo fi rọ́pò. Àwa tá a wà ní Àjàṣẹ́ tún ní iṣẹ́ kan tí kò sí lórí fọ́ọ̀mù rẹ: èdè. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni eré máa ń wá ní Faransé, ìdajì èrò á jẹ́ Gùn, ìdajì á jẹ́ Yorùbá. Èmi ni mo ń yí i padà. Ẹ̀fẹ̀ tó pa àwọn Gùn lẹ́rìn-ín, bí o bá yí i sí Yorùbá bó ṣe wà, ìyá Yorùbá á máa wò ẹ́ bí ẹni ń retí ìyókù ọ̀rọ̀. O gbọ́dọ̀ lọ wá ẹ̀fẹ̀ mìíràn tó máa gba àkókò kan náà, nítorí òṣèré kejì ti gbé ẹsẹ̀.

Ó dáa. Ìgbà tí FITHEB, àjọ̀dún tíátà àgbáyé ti Bẹ̀nẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní 1991, mo bá ẹgbẹ́ kan lọ sí Kútọnù. Mo rí àwọn tó wá láti òkè òkun. Ọkùnrin kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé ìdí bọ́tìnnì iná nìkan ló ń jókòó sí. Mo bi í pé ta ló rán aṣọ wọn, ó ní òun ò mọ̀. Mo káàánú ẹ̀. Mo ní irú ayé wo nìyí, kéèyàn wà nílé kó má mọ ẹni tó se ọbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo wo eré wọn. Ọmọ mi, ó tó ìgbà mẹ́wàá tí òṣèré kan yíjú, tí ìmọ́lẹ̀ sì ti wà níbẹ̀ dè é. Kò yá jù, kò pẹ́ jù. Ọkùnrin yẹn ń bá òṣèré mí ni.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi ní ìbéèrè tí mi ò fẹ́ gbọ́ èsì rẹ̀. Mo ń ṣeré dáadáa, ẹnikẹ́ni ò lé mi kúrò lórí ìtàgé rí. Ṣùgbọ́n ìyá kan tó ń ta àkàrà ní Wàndó, tí kì í pa eré wa jẹ, sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá aránṣọ, bí ẹ bá ń sunkún lókè yẹn, ó máa ń dà bíi pé ẹ ń gbọ́ nǹkan mìíràn." Òótọ́ ni. Jẹnẹrétọ̀ ni mo ń gbọ́. Mo ń sunkún òkú ọmọ mi lórí ìtàgé, mo ń gbọ́ pé epo ti ń tán nínú ẹ̀rọ. Ogún ọdún ni mo fi ṣe òṣèré tí etí rẹ̀ wà níta. Mi ò di òṣèré ńlá, ohun tó fà á nìyẹn.

Nítorí náà, ohun tí mo ní láti sọ fún ẹ nìyí, kì í sì í ṣe ohun tí Tíṣà sọ. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀, ṣe mẹ́rin, ṣe mẹ́wàá. Rán aṣọ, kọ orin, gbá ìtàgé, lọ tọrọ àga. Ṣùgbọ́n lálẹ́ eré, láti ìgbà tí iná bá tàn títí yóò fi kú, ẹyọ kan. Àwọn tó kọ fọ́ọ̀mù yẹn kò bi ẹ́ pé kí lo mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tí wọ́n ń bi ẹ́ ni pé, nígbà tí iná bá tàn, níbo lo máa wà?

Ọ̀rọ̀ owó tún wà o, mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé. Ní ọdún kan, àjọ kan tí mi ò ní dárúkọ kó wa lọ sí abúlé méjìlá láàárín Sakẹ́tẹ́ sí Pobẹ́. Mo wa ọkọ̀, mo rán aṣọ, mo tan iná, mo ṣe bàbá ọmọ. Nígbà tó di ìparí, wọ́n fún mi ní ọ̀kẹ́ mẹ́ta sẹ́fà, 60 000, bíi ti ọmọkùnrin tó ṣe aládùúgbò, tó sọ gbólóhùn méjì. Mo bínú lọ bá wọn. Akọ̀wé wọn ṣí fáìlì, ó fi ìwé tí mo bu ọwọ́ lù hàn mí: "òṣèré". Ọ̀rọ̀ kan, owó kan. Kò puró mọ́ mi. Láti ìgbà náà, mo máa ń kọ ọ́ ní ìlà ìlà: aṣọ, iye báyìí; ọkọ̀, iye báyìí; iná, iye báyìí. Wọ́n á pariwo pé ó ti pọ̀ jù. Màá ní ó dáa, ẹ fa igi lé èyí tí ẹ ò fẹ́. Wọ́n á wò ó, wọ́n á fa igi lé ọkọ̀, wọ́n á dá ìyókù padà fún mi. Ìgbà kan wà tí wọ́n fa igi lé aṣọ, àwọn òṣèré fi aṣọ ilé wọn ṣe ààfin. Mo jókòó sídìí iná mi, mi ò sọ nǹkan kan.

ỌmọAgbẹ́gilére (Kétu)

Bàbá Àjàṣẹ́, ẹ kú ọ̀rọ̀. Ọba tí kò gbé apá yẹn pa mí. Àbúrò mi ará Ìdẹnà, mo kí ẹ o.

Mo fẹ́ bá Bàbá jiyàn díẹ̀, kí wọ́n má bínú. Ẹ ní ẹyọ kan lálẹ́ eré. Ẹ jẹ́ kí a wo ilé wa níbí. Ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran. UNESCO pàápàá rí i, wọ́n sì polongo rẹ̀ ní 2001. Lálẹ́ Ẹ̀fẹ̀, Ẹlẹ́fẹ̀ á jáde. Igi wà lórí ẹ̀, aṣọ tó wúwo wà lọ́rùn ẹ̀. Á júbà fún àwọn ìyá wa. Orin tó ń kọ, láti ọdún ló ti ń kó wọn jọ: ẹni tó ta ilẹ̀ ẹbí, olówó tí ìyá rẹ̀ ń sùn lébi, ẹni tó ṣèlérí kànga nígbà ìbò. Á kọ ọ́, á jó o, á bú wọn, á súre fún wọn, ilẹ̀ á mọ́ bá a. Bàbá, iṣẹ́ mélòó nìyẹn?

Bàámi ń gbẹ́ igi, wọ́n sì ń jó. Bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ dé ìdajì, wọ́n á gbé e karí, wọ́n á rìn yí agboolé ká, wọ́n á mi ọrùn, wọ́n á padà wá jókòó, wọ́n á tún bù díẹ̀ kúrò lẹ́yìn. Wọ́n ní ẹni tí kò bá ru ú jó rí kò lè mọ ibi tó ti ń pọ́n ènìyàn lọ́rùn. Bí wọ́n bá ní kí bàámi mú ẹyọ kan nígbà èwe wọn, èwo ni wọn ì bá jù nù?

Àbúrò, èmi ò mọ ohun tí o máa kọ sí fọ́ọ̀mù yẹn o. Mo kàn ní kí wọ́n má sọ fún ẹ pé ohun tó o ní jẹ́ àléébù.

AránṣọÀjàṣẹ́ (Àjàṣẹ́)

Ọmọ Agbẹ́gilére, o jàre. Ti igi bàbá rẹ yẹn, ọ̀rọ̀ agbádá mi náà ni: ẹni tó bá mọ bó ṣe ń rí lára ló ń ṣe é dáadáa. Mo gbà fún ọ níbẹ̀ pátápátá. Mi ò sì ní kí ọmọ yìí ju nǹkan kan nù.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́. Lálẹ́ Ẹ̀fẹ̀, ta ló ń lu ìyáàlù? Gèlè àti ọ̀já tí wọ́n fi wọṣọ fún àwọn tó ń jó, ọwọ́ àwọn obìnrin ìlú ni wọ́n ti yá a, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Bí okùn ṣaworo bá já lẹ́sẹ̀ Ẹlẹ́fẹ̀, ṣé òun ló ń bẹ̀rẹ̀ so ó, àbí ẹnì kan wà nílẹ̀ tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ yẹn nìkan ló ń wò? Bàbá rẹ pàápàá, bí wọ́n bá gbé igi karí lójú agbo, ṣé ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ wọn?

ỌmọAgbẹ́gilére (Kétu)

Rárá, Bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń di ọ̀bẹ mú. Ẹnì kan sì wà tó ń wo ẹsẹ̀. Ẹ ti mú mi.

TíṣàOkè (Ṣábẹ)

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Bàbá lórí ìwé owó. Ní ti òṣèré, mo ṣì wà níbi tí mo wà. Dúró Ládípọ̀ ló kọ eré Ṣàngó rẹ̀, òun ló darí rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló tún ṣe Ṣàngó, ó sì gbé e dé Berlin ní 1964. Etí rẹ̀ kò sí níta.

AránṣọÀjàṣẹ́ (Àjàṣẹ́)

Tíṣà, Abíọ́dún ìyàwó rẹ̀ wà lórí ìtàgé níwájú rẹ̀, ó ń ṣe Ọya. Èmi, jẹnẹrétọ̀ ló wà lẹ́yìn mi. Ẹ má fi wá wéra.

ỌmọÌdẹnà (Kétu)

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀gbọ́n mi náà ẹ ṣé. Mo fẹ́ ròyìn.

Ní ọjọ́ Sátidé a ṣeré lọ́jà. Mo fi ọ̀rọ̀ Bàbá sọ́kàn, mo wá ń ṣọ́ ara mi bí olè. Ipa ìyàwó kékeré ni mo ń ṣe. Ibì kan wà tí màá dúró tí ìyáálé mi á máa bú mi, n kò ní ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, kí n kàn máa wo ilẹ̀ ni. Mo wá rí i pé ẹnu mi ń mì. Ọ̀rọ̀ ìyáálé ni mo ń sọ sínú, kó má bàa gbàgbé. Mo tún rí i pé mi ò wo ilẹ̀, ọmọ tó yẹ kó gbé igbá wọlé ni mo ń wò, bóyá ó ti mú un. Kò mú un. Mo fi ojú sọ fún un. Ó sáré lọ mú un, eré lọ. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Inú mi dùn sí igbá yẹn ju àtẹ́wọ́ tí wọ́n pa fún mi lọ nígbà tí mo sunkún.

Nítorí náà mo fàmì sí réjí. Bàámi béèrè pé kí ni ìyẹn, mo ní ẹni tó ń jẹ́ kí ohun gbogbo bọ́ sákòókò. Wọ́n ní ó dáa, ìyẹn ni ìyá wọn ń ṣe nílé. Màámi ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti àná nítorí aṣọ.

Bàbá, ìbéèrè méjì péré ló kù. Ìwé tí mo ń kọ àkókò sí, tí ẹni kan bá sọ báyìí kí iná yí, báwo lẹ ṣe ń kọ tiyín? Èkejì, mo ti dán ìṣápá wò bí ẹ ṣe wí. Ó dà bí ẹ̀jẹ̀ gidi. Mo wá fi ọṣẹ fọ aṣọ náà, ó di àwọ̀ eérú tó fẹ́ jọ aró. Aṣọ funfun ìyáálé ni o.

AránṣọÀjàṣẹ́ (Àjàṣẹ́)

Áà! Mo gbàgbé láti sọ ìyẹn. Ọṣẹ ló ń yí i padà bẹ́ẹ̀. Bí o bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, á tún pupa padà, ṣùgbọ́n kò ní lọ. Aṣọ yẹn ti kúrò ní funfun. Pa á láró pátápátá, kí ìyáálé di opó. Lẹ́yìn èyí, ẹni tó bá máa ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nínú eré yín, fún un ní aṣọ dúdú, kí o lẹ aṣọ funfun kékeré mọ́ ibi tí ẹ̀jẹ̀ máa gbà jáde nìkan. Ìyẹn lo máa fi sílẹ̀ fún un.

Ti ìwé: ojú ewé méjì tó kọjú síra. Ọ̀rọ̀ eré lọ́tùn-ún, gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lósì, kí ìlà méjèèjì bára dọ́gba. Má kọ "nígbà tó bá sunkún", nítorí ó lè má sunkún lálẹ́ yẹn. Kọ ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn kó tó ṣẹlẹ̀, kí o fi igi sábẹ́ ẹ̀. Kọ orúkọ iṣẹ́ náà, má kọ orúkọ ènìyàn tó ń ṣe é, torí ó lè lọ gun zémìjáǹ lọ́la. Pẹ́ńsù ni kí o fi kọ ọ́. Mo mọ̀ pé bíírò lo di mú fún ọjọ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n ìyẹn fún fọ́ọ̀mù.

Kí màámi rẹ. Sọ fún wọn pé réjí tó mọ abẹ́rẹ́ dì mú, kò sí ẹgbẹ́ tó máa lé e lọ. Bí o bá ń kọjá ní Àjàṣẹ́ lọ sí Kútọnù, béèrè aránṣọ eléré lọ́nà Wàndó. Mú ìwé náà dání, kí n wò ó.